Etí Ni Mo Kọ́kọ́ Máa Ń Wò

Tí wọ́n bá mú ọmọ tí wọ́n fura pé wọ́n ń lù ní àlùbami wá bá wa ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, níbi tí ìjọba ti ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, etí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Màá kí i, màá bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, màá ní kó wá jókòó síbi tí fáànù ti ń fẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yẹn ojú mi ò kúrò níbẹ̀: iwájú etí, ẹ̀yìn etí, ibi tí etí ti pàdé ọrùn. Àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa máa ń rò pé ẹ̀yìn ọmọ àti ìdí rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé ibẹ̀ ni àwa náà ti jẹ pàṣán nígbà èwe wa. Wọn ò jayò pa. Àmọ́ abẹ́ aṣọ ni ẹ̀yìn wà, a ò sì gbọdọ̀ kàn máa tú aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló ni ìyẹn, níbi tó pamọ́, pẹ̀lú ẹni tí ọmọ náà fọkàn tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí ní tiẹ̀ wà níta gbangba.

Ìlú olókùúta ni Abẹ́òkúta. Ọmọ tó bá dàgbà ní Ìkìjà, ní Aké, tàbí ní ìsàlẹ̀ Olúmọ, tí ojúgun rẹ̀ ò ní àpá kankan, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ náà jáde síta ni. Ọmọ tó ń sáré, iwájú ló máa ń ṣubú sí. Ojúgun, orókún, ìgbọ̀nwọ́, àtẹ́lẹwọ́, iwájú orí, àgbọ̀n: ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ ni ilẹ̀ máa ń bá. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló fi kanlẹ̀, èjìká àti ẹ̀gbẹ́ orí ni yóò gbà á, etí á sì yè bọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí mo bá rí etí tó wú, tó dúdú ju èkejì lọ, tàbí tí ojú èékánná wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgbátí tàbí etí fífà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ òkúta di ẹ̀yìn.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Mary Clyde Pierce, dókítà ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ara àwọn ọmọ tó ṣèèṣì ṣubú wé ti àwọn ọmọ tí wọ́n lù, wọ́n sì gbé ìlànà kékeré kan jáde ní ọdún 2010 tí wọ́n pè ní TEN-4 (lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún àgọ́ ara, etí àti ọrùn lédè Gẹ̀ẹ́sì; 4 ni ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́rin). Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin bá ní ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti kó sábẹ́ awọ ní àyà, ikùn, ẹ̀yìn, ìdí, etí tàbí ọrùn, ẹ dúró kí ẹ bèèrè ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò ju oṣù mẹ́rin lọ, ẹyọ kan péré níbikíbi lára rẹ̀ ti tó láti dá yín dúró. Ní 2021 wọ́n fi àwọn ibòmíràn kún un: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ètè mọ́ èrìgì, igun àgbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìpéǹpéjú, funfun ojú, àti àpá yòówù tó bá ní àwòrán nǹkan nínú, bí ìka ọwọ́ tàbí bẹ́líìtì. Mo fẹ́ràn awọ abẹ́ ètè yẹn gan-an, kí n sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Ẹni tó bá fipá ti ṣíbí tàbí ìgò oúnjẹ bọ ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, ibẹ̀ ló máa ń ya, ọmọ á kàn máa kọ oúnjẹ, ìyá á ní eyín ló ń hù.

Àmọ́ ìṣòro kan wà tí àwọn tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà mẹ́nu bà. Ọmọ òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n máa ń fi hàn wá. Ojú ibi tí wọ́n ti lù ú pupa yòò, ọjọ́ kejì ó di aláwọ̀ elésè àlùkò, lẹ́yìn náà ó di ewé, ó di òféèfèé. Ẹ wá gbé ìyẹn dé ara ọmọ Lafẹ́ńwá tó dúdú dáadáa, kí ẹ sì máa wá pupa kiri. Ẹ ò ní rí i. Ohun tí ẹ máa rí, bí ẹ bá rí nǹkan kan, ni ibi tó túbọ̀ dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, nígbà míì tó ń dán díẹ̀ nítorí pé ó wú. Iná gílóòbù inú ọ́fíìsì kì í fi í hàn. Mo máa ń mú ọmọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀ jẹ́jẹ́ bóyá ó gbóná ju ibi tó kù lọ, màá sì wo ojú ọmọ náà nígbà tí ọwọ́ mi bá débẹ̀. Ara rẹ̀ á ti sọ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ọjọ́. Lọ́yà á dìde ní kóòtù, á tún awò ojú rẹ̀ ṣe, á ní kí ẹ sọ fún ilé ẹjọ́ pé ọjọ́ mélòó ni àpá yìí ti wà níbẹ̀. Ẹ má fi ìméfò dá a lóhùn. Ìwádìí lórí ìwádìí ti fi hàn pé kò sí dókítà náà tó lè wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ kó sì fi ìdánilójú dárúkọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ bó ṣe tóbi tó, ibi tó wà, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ jókòó.

Ọmọ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń le jù fún mi. Ọmọ tí kò tíì lè yí ara rẹ̀ padà lórí ẹní, báwo ló ṣe fẹ́ lọ fi ara gbá nǹkan? Ẹni tí kò rá, tí kò di nǹkan mú dìde, kò ní ibi tí àpá ti máa wá bá a àfi kí ẹlòmíràn gbé e wá. Síbẹ̀ àpá kékeré lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé máa ń fojú fò. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un lẹ́rẹ̀kẹ́." "Orí ẹ̀gbà ọwọ́ ló sùn lé." Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013, wọ́n yẹ ìtàn 200 ọmọ ọwọ́ wò tí ó dájú pé wọ́n ti lù wọ́n ní àlùbami. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tó ti ní àpá kékeré kan ṣáájú, tí ẹnì kan nínú ilé tàbí ní ilé ìwòsàn ti rí. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn, tí ẹnikẹ́ni ò lù, kò sí ẹyọ kan tó ní irú rẹ̀.

Gbígbọ̀n ọmọ jìgìjìgì lè má tiẹ̀ fi àpá kankan sílẹ̀ níta. Inú orí ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dà sí, àti ẹ̀yìn ẹyinjú. Ọmọ á máa sùn ju bó ṣe yẹ lọ, á máa bì, gìrì á mú un, wọ́n á sì sọ pé ibà ni. (Àwọn kan ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìwẹ̀ ọmọ tuntun tiwa, níbi tí ìyá àgbà ti ń na ọmọ lọ́wọ́ na án lẹ́sẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ sókè, wà lára èyí. Ìyẹn kọ́ là ń sọ. Àmọ́ mi ò fẹ́ràn sísọ sókè yẹn o, mo sì ti sọ fún ìyá mi, wọ́n ní ṣebí bí wọ́n ṣe wẹ èmi náà nìyẹn.)

Ó ní ohun tó máa ń tan àwọn tuntun jẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọ́n bí pẹ̀lú àmì aláwọ̀ eérú tó fara jọ aró ní ìbàdí àti ìdí, nígbà míì títí dé ẹ̀yìn. Ó jọ ibi tí wọ́n ti lu ọmọ, àfi pé kì í dùn ún, kì í wú, bó ṣe wà lónìí ló máa wà lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ojú ẹgba kì í dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó wọ ilé ìwé, púpọ̀ nínú àmì wọ̀nyí ti ń pòórá. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì tó bá gba ẹ̀bí kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìlà kan péré lórí káàdì lè gba ìyá kan lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ti Abẹ́òkúta tún wà lọ́tọ̀. Tíṣà kan wá fi ẹjọ́ ọmọbìnrin kan sùn wá, pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú tó tún ń ṣe bí ẹlẹ́jẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ títí dé itòsí ìgbọ̀nwọ́, pé ó dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Nígbà tí ọmọ náà dé, mo ní kó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Mo fi aṣọ olómi nù ún, kò kúrò. Mo wá yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Àwọ̀ náà ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́, ó yí èékánná ká, ó kó sábẹ́ wọn pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé níbo ni màmá rẹ̀ ń tà sí, ó ní Ìtòkú. Aró àdìrẹ ni. Tíṣà náà tijú débi pé kò fẹ́ gbé ojú sókè. Mo sọ fún un pé kó tún wá lọ́jọ́ mìíràn tó bá rí ohun tí kò yé e. Ẹni tó wá sọ ohun tó rí, tí a wá fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní wá mọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ tó máa tẹ̀ lé e sì lè má jẹ́ ti aró.

Ọmọ oní-síkùlù-sẹ̀ẹ̀lì ńkọ́? Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó jẹ́ SS lè wú gbọ̀ngbọ̀n, kó máa ké bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kó sì dà bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ odó lu ìka rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lọ́daràn. Gbẹ́rẹ́ náà rọrùn láti mọ̀: ó máa ń wà ní ìlà kéékèèké tó tò léra, ó ṣe rẹ́gí, àgúnmu dúdú máa ń wà nínú rẹ̀. Egbò olómi tó máa ń ràn láàárín àwọn ọmọ lè jọ ojú ibi tí wọ́n ti fi sìgá jó ọmọ, ṣùgbọ́n egbò yẹn máa ń sé èépá, á sì jiná láìfi àpá sílẹ̀ bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Ojú sìgá ṣe róbótó, kò sábà ju mìlímítà 8 sí 10 lọ ní fífẹ̀, ó jinlẹ̀, àpá rẹ̀ kì í lọ.

Pàṣán ní tiẹ̀ máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí igi tàbí kòbókò bá fi agbára bá awọ, ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ ibi tó bà máa sá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí ẹ máa rí kì í ṣe ìlà kan, ìlà méjì ni, wọ́n jọ ń lọ lọ́gbọọgba, àárín wọn mọ́ tóní. Wáyà ṣájà tí wọ́n ká pọ̀ máa ń fi orí ìkákò rẹ̀ sílẹ̀, róbótó lápá kan, ṣíṣí lápá kejì. Mi ò tíì rí àpáta kankan ní Olúmọ tó lè ṣe irú àpá bẹ́ẹ̀. Ìka ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí itan, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, ìgbájú ni tí kò bá ojú.

Iná àti omi gbígbóná gba sùúrù ju gbogbo èyí lọ, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ èèṣì lóòótọ́. Ilé oníyàrá kan àti pálọ̀, sítóòfù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi àmàlà ń hó, ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ń fẹsẹ̀ palẹ̀ kiri. Ó na ọwọ́ sókè, ó fa ìkòkò. Omi náà á bó o láti ojú, abẹ́ àgbọ̀n, àyà, apá kan. Ibi tó kọ́kọ́ bà ló máa jinlẹ̀ jù, bó sì ṣe ń ṣàn wálẹ̀ lá máa tẹ́ẹ́rẹ́, lá máa fúyẹ́, pẹ̀lú ibi tó ta sí níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ara ọmọ yẹn bá ìtàn ìyá rẹ̀ mu.

Ẹ wá wo èkejì. Obìnrin kan tó ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọ náà, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, fúnra rẹ̀ ló kó sínú báàfù omi tó fẹ́ fi wẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló bó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo òkè ibi tó bó náà. Ìlà gbọọrọ kan ni, ó yí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ká, ó tún yí ti òsì ká, ní ibì kan náà gẹ́lẹ́. Kò sí ẹ̀kán omi kankan lókè rẹ̀, kò ta sí orókún, kò ta sí itan. Àtẹ́lẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan, torí pé ìsàlẹ̀ báàfù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ kò gbóná tó omi. Ẹ ro ó wò: ọmọ tó bá fẹsẹ̀ kan wọ omi gbígbóná, ṣé á tún fi èkejì tẹ̀lé e, á sì dúró jẹ́jẹ́ sójú kan? Á ké, á fò, á dojú báàfù dé, omi á ta dé ògiri. Mi ò sọ ohunkóhun fún obìnrin náà lọ́jọ́ yẹn ju pé ká gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ló kọ ìyókù.

Ẹsẹ̀ tó jó tún wà tí kò sí ìkà nínú rẹ̀ rárá. Bí gìrì bá mú ọmọ, ojú rẹ̀ yí, eyín rẹ̀ pa dé, àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà tó máa ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná kí ó lè jí, tàbí kí wọ́n ro ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Ọmọ á dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ibà àti iná lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ìyà ni ìyà ń jẹ́, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan náà. Mi ò gbà. Ìyá tó ń sunkún tó ń fi iná jí ọmọ rẹ̀ àti ẹni tó ti ọmọ bọ omi torí pé ó tọ̀ sílé, iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wa yàtọ̀ síra. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ nọ́ọ̀sì tí yóò sọ fún un pé kó yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, kó má fi nǹkan sí i lẹ́nu, kó gbé e wá kíákíá.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, orí ohun kan ló dúró lé. Àpá nìkan kì í dá ẹjọ́. Ara ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ìtàn tí wọ́n sọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa ń fi wé ara wọn, ibi tí wọn ò bá ti bára mu ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ó ṣubú" ni ìtàn tó wọ́pọ̀ jù. Ó dáa. Ó ṣubú láti ibo? Sórí kí ni? Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni ẹ ṣe lẹ́yìn náà? Ẹni tó ń sọ òótọ́ máa ń sọ àsọjù, á ṣe àpèjúwe àwo ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ gbàà. Ìtàn tí wọ́n tò kalẹ̀ máa ń kúrú, á sì yí padà bí bàbá bá dé.

Wọ́n sọ nínú ìwé pé kí a fura sí ẹni tó pẹ́ kó tó gbé ọmọ wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ìlú yìí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n ti yà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kẹ́mísìtì, àgbo, ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà álífáà, owó káàdì tí wọ́n ń wá: ọjọ́ mẹ́ta lè lọ sórí ìyẹn láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n tún sọ pé ọmọ tí wọ́n ń lù kì í lè wo àgbà lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n kọ́ nílé tó máa ń ranjú mọ́ àgbà? Bí ọmọ bá wo ilẹ̀ níwájú mi, ilé ló ti wá. Ohun tó máa ń ká mi lára ni ọmọ tó ń wo ọwọ́. Mo bá gbé bírò, ojú rẹ̀ tẹ̀ lé bírò. Mo bá na ọwọ́ sí fáìlì, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àti ọmọ tí kò ké nígbà tí abẹ́rẹ́ wọ ọ́. Àti èyí tó wọ súwẹ́tà ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń jó òkúta.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan la ń ṣòro fún láti gbà pé òbí lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1946, John Caffey, dókítà ẹ́ksíréè ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ mẹ́fà tí ẹ̀jẹ̀ dà sínú orí wọn tí egungun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn sì tún ṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó di 1962 kí C. Henry Kempe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ gbangba nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé lílù ni wọ́n lu irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn dókítà fúnra wọn ni kò fẹ́ gbà gbọ́. Ọdún 16 lọ láàárín ẹ́ksíréè àti òótọ́ ọ̀rọ̀.

Wàyí o, ìbáwí. Kò sí ìpàdé òbí tí mo lọ tí ẹnì kan ò ní pa á lówe fún mi pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Mo máa ń gbà. Ọwọ́ òsì yẹn ni mo máa ń béèrè. Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2014, èyí tí àjọ tó ń ka ènìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF, fi hàn pé bí ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ti fara gba lílù tàbí ìwà ipá mìíràn sí ara kí wọ́n tó pé ọdún 18. Bí mo bá ń ṣí fáìlì fún gbogbo ojú pàṣán, fáìlì á kún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sán dé òrùlé, ọmọ tí wọ́n ń fi wáyà lù á sì sọnù sáàárín wọn. Òfin pàápàá mọ ààlà náà. Abala 295 nínú Criminal Code gba òbí àti tíṣà láàyè láti na ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ṣùgbọ́n abala kan náà ló sọ pé ìbáwí tó bá ré kọjá ohun tó bọ́gbọ́n mu, ní wíwo ọjọ́ orí ọmọ àti bí ara àti ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí, kò ní ìdáláre. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, wá fi kún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ọmọ léṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Bí bàbá kan bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìbáwí, mi ò kì í dá a lóhùn pẹ̀lú Bíbélì tàbí ìwé òfin. Mo máa ń bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, kí lẹ fi nà án, ibo ló bà. Ọmọ ọdún méjì kò mọ ohun tí ìbáwí jẹ́. Orí àti ikùn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ wí ní ilé ẹnikẹ́ni.

Fún ẹni tó kàn jẹ́ aládùúgbò tàbí tíṣà, iṣẹ́ yín kò pọ̀. Ẹ má fi ìbéèrè gbá ọmọ mọ́lẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́ níbí?" ti tó, "Ṣé bàbá ẹ ló nà ẹ́?" ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu, lọ́yà á sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹ máa sọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, lọ́jọ́ náà, kódà bó jẹ́ pé "ó fi nǹkan dúdú yẹn" ló pè é, ẹ má bá a tún un ṣe sí "kòbókò". Ẹ má lọ bá òbí rẹ̀ jà ní ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ló máa san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Ẹ má sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, àánú yòówù kó ṣe yín. Ẹ mú un wá sí wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Òkè-Mọ́sán. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ní pàtàkì èyí tí kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó ti wá, ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò àti fífi ọmọdé ṣiṣẹ́.

Kí àwọn tó wá fẹjọ́ sùn tó dìde, mo ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi wọ́n: àwọn ọmọ wo ló kù nínú ilé yẹn? Ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí tó ń ké jù nìkan ni aládùúgbò máa ń gbọ́. Àbúrò rẹ̀ tí kò tíì mọ̀rọ̀ sọ wà nínú yàrá. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti yẹ ara àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n lù wò, wọ́n sì rí i pé ìkejì ọmọ, bó bá jẹ́ ìbejì, ni wọ́n máa ń bá egungun ṣíṣẹ́ lára rẹ̀ jù, láìsí àpá kankan níta. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé Kẹ́hìndé ni wọ́n gbé wá bá wa, a kì í dúró de ọjọ́ kejì. A ń ní kí wọ́n lọ gbé Táyé náà wá, kí wọ́n ya ẹ́ksíréè àwọn méjèèjì.